Ṣé òótọ́ ni pé òkúta là ń tọ́ wò nínú wáìnì Chablis?

Àbúrò wa obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra wáìnì funfun méjì sílẹ̀ de ọjọ́ ìbí màmá mi, ọ̀kan jẹ́ Chablis láti ilẹ̀ Faransé, ìkejì wá láti California. Ẹni tó tà á fún mi ní àjàrà kan tó ń jẹ́ Chardonnay ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, pé ilẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, pé tí n bá ń mu Chablis, òkúta àti ìkarawun inú òkun ni mò ń tọ́ wò yẹn. Mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lóòótọ́ ni mo gbọ́ òórùn kan nínú Chablis tó dà bí òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí, ti California yẹn ń rùn bíi bọ́tà. Ọkọ mi ní òun ò gbọ́ òórùn òkúta kankan o, pé ọ̀rọ̀ ẹnu onítajà ló wọ̀ mí létí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Èwo ni kí n tún rà sílẹ̀ fún màmá, torí ẹja díndín àti ata díndín la fẹ́ fi jẹun?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra o, kí Ọlọ́run jẹ́ kí màmá pẹ́ fún wa. Ìwọ jàre, ọkọ ẹ náà jàre. Òórùn tó o gbọ́ yẹn, o gbọ́ ọ lóòótọ́. Òun náà tó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, kò purọ́, màá dé ibẹ̀ tó bá yá. Onítajà yẹn ló sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró, torí kò sí òkúta kankan nínú ìgò yẹn, kò sí ìkarawun níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣiṣẹ́ lára wáìnì yẹn o, iṣẹ́ ńlá ló ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn ẹ̀ nídìí àtẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an, torí tá a bá ti ní òkúta ló wọnú ìgò, a ò ní rí iṣẹ́ tí igi àjàrà ṣe mọ́, a ò ní rí iṣẹ́ tí àgbẹ̀ ṣe, a ò sì ní mọ iṣẹ́ tí imú tiwa fúnra wa ń ṣe.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Chablis. Ìlú kékeré ni, apá àríwá Burgundy, àgbègbè wáìnì kan ní ilẹ̀ Faransé, ló wà, odò kan tí wọ́n ń pè ní Serein ló ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kimmeridgian, orúkọ abúlé kan níbí ní England, ní Dorset, ni wọ́n fi sọ ọ́. Nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo gbogbo ibẹ̀, òkun tí ò jìn, tí omi ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun yẹn ló wá di amọ̀ àti òkúta ẹfun tó gun ara wọn lórí, ìpele amọ̀, ìpele òkúta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo ní ẹyọ kan nínú òkúta yẹn lórí tábìlì mi. Tó o bá mú un sún mọ́ ojú, wàá rí ìkarawun oyster, ẹ̀dá inú òkun kan, kéékèèké tó kún ara ẹ̀ bámúbámú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju èékánná ọwọ́ lọ, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ lápá kan. Ó rẹwà. Mo mọ ìdí tí ẹni tó bá rí i á fi fẹ́ gbà pé ohun tó wà nínú òkúta yìí ló wà nínú ife òun.

Ṣùgbọ́n fọ òkúta yẹn dáadáa, jẹ́ kó gbẹ, gbé e sí imú. Kò rùn. Fi ahọ́n lá a. Á lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu díẹ̀ torí ó ń fa omi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní iyọ̀, kò kan, kò dùn. Tó o bá wá gbé e síta fún oṣù díẹ̀ tí òjò wá bà á lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, wàá gbọ́ òórùn, àmọ́ òórùn yẹn ò ti inú òkúta wá. Epo ara ewéko tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, àti ohun tí àwọn bakitéríà inú erùpẹ̀ ń ṣe jáde, ìyẹn ló ń rùn. Òun náà là ń gbọ́ nílé tí òjò àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, Bear àti Thomas, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1964. Nítorí náà nígbà tó o ní wáìnì yẹn ń rùn bí òkúta tí omi dà sí, o ń rántí òórùn kan tí ìwọ àti èmi mọ̀, ìrántí yẹn sì pé, àmọ́ òkúta gan-an ò ní òórùn tó fẹ́ fún àjàrà.

Kí wá ni gbòǹgbò àjàrà ń fà nínú ilẹ̀? Omi ni, pẹ̀lú àwọn èròjà tó ti yọ́ sínú omi yẹn, potassium, calcium, magnesium àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ara wọn ṣì máa ń kù nínú wáìnì, potassium ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé ahọ́n ò lè dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alex Maltman, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní Aberystwyth ní Wales, ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé èròjà tí igi ń jẹ yàtọ̀ sí òkúta tá à ń fojú rí nínú oko, igi ò lè fa òkúta mu. Ṣúgà inú èso, afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni ewé fi ń ṣe é. Àwọn nǹkan tó ń fún wáìnì ní òórùn, igi fúnra ẹ̀ ló ń hun wọ́n, yíìsì náà ń hun tiẹ̀ nígbà tí omi àjàrà bá ń ho.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn onítajà kì í sọ. Gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ Chablis yẹn, ti Chardonnay kọ́ rárá. Láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ phylloxera, tó kéré ju iná orí lọ, ti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Faransé, ó ń mu gbòǹgbò àjàrà títí igi á fi kú, ó run ọgbà àjàrà jákèjádò Yúróòpù. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé àjàrà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti bá kòkòrò yẹn gbé tipẹ́, kì í pa á. Ni wọ́n bá ń lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn mọ́ orí gbòǹgbò tó ní ẹ̀jẹ̀ ti Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Ní Chablis wọ́n máa ń wá gbòǹgbò tó lè fara da ẹfun, torí ẹfun tó pọ̀ nínú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí igi rí irin tó nílò jẹ, ewé á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi á rù. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ń gba inú gbòǹgbò kọjá tààrà bọ́ sínú ife, gbòǹgbò wo ló ń sọ?

Wàyí o, iṣẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣe. Omi àti ooru ni. Ìdáhùn tó kúrú jù tí mo lè fún ẹ nìyẹn, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Igi àjàrà tó bá ń rí omi mu bó ṣe fẹ́ kì í fẹ́ ṣíwọ́ ewé híhù, ẹ̀ka á máa gùn, ewé á bo èso mọ́lẹ̀, èso á tóbi á sì ṣomi. Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ jù náà ò dáa, ewé á rọ, èso ò ní gbó. Èyí tó dáa jù ni igi tó mu omi yó nígbà ìrúwé, tí omi wá ń dín kù lọ́wọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí èso ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà yẹn á dá ewé dúró, gbogbo agbára ẹ̀ á lọ sínú èso, èso náà á kéré, èèpo ẹ̀ á pọ̀ ju omi inú ẹ̀ lọ, inú èèpo yẹn dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òórùn wà. Ohun tí ilẹ̀ Chablis mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Tí òjò bá pọ̀, òkúta ẹfun yẹn ń jẹ́ kó rọra ṣàn lọ, tí ọ̀dá bá dá, amọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ ti fi omi pamọ́. Kì í ṣe torí pé oyster wà níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí. Cornelis van Leeuwen àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀ ní Bordeaux, àgbègbè wáìnì míì ní ilẹ̀ Faransé, gbé e jáde ní 2004. Wọ́n mú oríṣi àjàrà mẹ́ta, Merlot, Cabernet Franc àti Cabernet Sauvignon, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ilẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ alámọ̀ àti ilẹ̀ oníyanrìn, láti 1996 títí dé 2000. Wọ́n rí i pé bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dún kọ̀ọ̀kan ló lágbára jù lọ, ilẹ̀ tẹ̀ lé e, oríṣi àjàrà náà ní tiẹ̀, àti pé ọ̀nà tí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ fi ń ṣiṣẹ́ yẹn jù ni omi tí igi ń rí tàbí tí ò rí. Tó o bá fẹ́ rí i lójú ayé, ní Bordeaux kan náà, ní Médoc, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú ilẹ̀, omi kì í dúró níbẹ̀, ilẹ̀ náà tètè máa ń móoru, Cabernet Sauvignon tó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Kọjá odò lọ sí Pomerol, amọ̀ ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ tútù ni, tó o bá gbin Cabernet síbẹ̀ òtútù lè dé kó tó pọ́n, Merlot tó tètè máa ń pọ́n ló ń gbádùn ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti mọ èyí kí onímọ̀ kankan tó wá wọn omi.

Ká padà sí Chablis, torí mi ò tíì sọ ti òkè. Ipò mẹ́rin ni wọ́n pín wáìnì ibẹ̀ sí: Petit Chablis, Chablis, Chablis Premier Cru àti Chablis Grand Cru tó ga jù. Gbogbo Grand Cru yẹn, orí òkè kan ṣoṣo ló wà, létí odò Serein, kò ju nǹkan bí 100 hẹ́kítà lọ, wọ́n pín in sí ọ̀nà méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tiẹ̀, Les Clos, Vaudésir, Valmur, Blanchot, Grenouilles, Preuses àti Bougros. Ilẹ̀ olóyster yẹn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkè yẹn kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ ń gba oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ní ìlú tó tutù bí ibẹ̀ oòrùn díẹ̀ yẹn ló ń pinnu bóyá èso á pọ́n tàbí kò ní pọ́n. Petit Chablis ní tiẹ̀, orí òkè pẹrẹsẹ tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí ló pọ̀ sí, lórí òkúta ẹfun míì tó le ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní Portlandian. Nígbà tí wọ́n bá wá ní ilẹ̀ ló jẹ́ kí Grand Cru dùn ju Petit Chablis lọ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn náà ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ yẹn gbọnin, kò kàn ní òkúta tó ṣeé fi han àlejò ni.

Ìjà ti wà lórí ẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe wáìnì ní Chablis fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an láàárín ara wọn, àwọn kan tí William Fèvre jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ní ilẹ̀ Kimmeridgian nìkan ló yẹ kó jẹ́ Chablis, àwọn tó wà pẹ̀lú Jean Durup ní ká jẹ́ kí oko gbòòrò, pé bí ilẹ̀ ṣe kọjú sí oòrùn náà ṣe pàtàkì. Àwọn tó fẹ́ kó gbòòrò ló borí. Ní tèmi, ẹ̀yìn Durup ni mo wà tó bá jẹ́ ti àlàyé, àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba Fèvre yé mi, torí tí orúkọ bá ti ń pawó, gbogbo ilẹ̀ ló máa fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn.

Ìrì dídì ńkọ́? Tí oṣù kẹrin bá dé, tí ọ̀mùnú ewé ti ń yọ, òru ọjọ́ kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọdún jẹ́. Ní 2021 ó bà wọ́n jẹ́ gidigidi. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í sùn lóru bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé àbẹ́là ńláńlá sí àárín poro oko, wọ́n á tàn án, àwọn míì á máa fọ́n omi sórí igi kí yìnyín lè bo ọ̀mùnú yẹn, torí bí omi bá ń dì lọ́wọ́ ó ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, ooru díẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀mùnú kú. Nígbà tó o bá gbọ́ bí Chablis ṣe ń ta ahọ́n, tó ń jẹ́ kí itọ́ dà lẹ́nu, òtútù yẹn lò ń gbọ́. Àsíìdì inú èso àjàrà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní malic tó wà nínú ápù tí ò tíì pọ́n, ooru ló máa ń jó o dànù. Ibi tó tutù, ó ṣì máa kù níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. California ní oòrùn tó pọ̀, ṣúgà á pọ̀, àsíìdì á dín kù, ọtí inú ẹ̀ á ga. Wo ara ìgò méjèèjì tó o rà, kò ní yà mí lẹ́nu tí Chablis bá jẹ́ 12.5% tí ìkejì sì jẹ́ 14%.

Ọ̀rọ̀ wá kan èso fúnra ẹ̀. Ẹni tó ti mu ẹmu ọ̀pẹ àti ẹmu ògùrọ̀ mọ̀ pé igi tó yàtọ̀ ti tó láti yí adùn padà, kódà tó bá jẹ́ adẹ́mu kan náà ló dá a. Àjàrà náà bẹ́ẹ̀, àwọn oríṣi kan wà tí òórùn wọn le débi pé ibi yòówù tó o bá gbìn wọ́n sí wàá dá wọn mọ̀. Sauvignon Blanc ń rùn bíi green pepper, ó tún máa ń rùn bíi gúáfà. Muscat ń rùn bí òdòdó. Chardonnay ò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn tiẹ̀ kéré, ó rọra, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tó ti wá àti ọwọ́ tó ṣe é ló máa ń hàn lára ẹ̀ jù. Ní 1999, Carole Meredith àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì ìlú Davis ní California fi DNA wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé Pinot àti àjàrà kan tó ń jẹ́ Gouais Blanc ló bí i. Pinot lọmọ ọba níbẹ̀, Gouais jẹ́ àjàrà mẹ̀kúnnù tí àwọn ọlọ́lá máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, wọn ò tiẹ̀ gbìn ín mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Òun ló bí èyí tí gbogbo ayé ń mu yìí.

Bọ́tà tó o gbọ́ nínú ti California yẹn, kò ti inú ilẹ̀ wá, kò ti inú èso wá. Lẹ́yìn tí yíìsì bá ti sọ ṣúgà di ọtí, àwọn bakitéríà kan máa ń sọ àsíìdì ápù yẹn di irú èyí tó wà nínú wàrà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n máa ń ṣe nǹkan kan tó ń jẹ́ diacetyl jáde, diacetyl yìí gan-an ló ń fún bọ́tà lórùn. Ní Chablis náà wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí wáìnì bá pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yíìsì, yíìsì yẹn á jẹ diacetyl ọ̀hún kúrò. Wọ́n tún sábà máa ń ṣe tiwọn nínú táǹkì irin tí kì í dípẹtà, irin ò fún wáìnì ní nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣe é lọ́nà ti California ayé àtijọ́ yẹn á gbé e sínú àgbá igi oak tuntun tí wọ́n ti fi iná yan inú ẹ̀, níbẹ̀ ni fànílà àti òórùn bí àgbọn ti ń wọlé. Kì í ṣe gbogbo California ló rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o, ọ̀pọ̀ wọn ti ń dín oak kù, má fi ìgò kan dá gbogbo wọn lẹ́jọ́.

Òkúta tó o gbọ́ ńkọ́? Ohun tí mo rò pó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àsíìdì pọ̀ níbẹ̀, òórùn èso ò pọ̀, oak ò sí, àyè wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn nǹkan tíntìntín tó ní imí ọjọ́ nínú, tí yíìsì máa ń ṣe nígbà míì. Takatoshi Tominaga àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bordeaux rí ọ̀kan nínú wọn ní 2003, benzenemethanethiol lorúkọ ẹ̀, ó ń rùn bí èéfín, bí ìgbà téèyàn bá fi òkúta ṣáná. Kékeré bín-ín-tín nínú ẹ̀ ti tó fún imú. O rí i báyìí pé imú ẹ ò parọ́, òórùn wà níbẹ̀, orísun ẹ̀ la máa ń ṣì mú.

Ó kan ọkọ ẹ. Ahọ́n èèyàn ò mọ nǹkan púpọ̀, dídùn, kíkan, iyọ̀, kíkorò àti adùn bíi ti omi ẹran, ó parí. Gbogbo ìyókù tá à ń pè ní adùn, imú ló ń mú un wá, láti ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun. Ní kó di imú ẹ̀ pa, kó mu wáìnì yẹn, kó tó gbé e mì kó tú imú sílẹ̀. Á rí i bí òórùn ṣe máa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Imú èèyàn méjì ò dẹ̀ dọ́gba. Nǹkan kan tó ń jẹ́ rotundone wà nínú Shiraz, wáìnì pupa kan, òun náà ló wà nínú black pepper, àwọn onímọ̀ wáìnì ní Ọsirélíà gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀ ní 2008, nínú àwọn tó gbọ́ òórùn ẹ̀ fún wọn, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ò gbọ́ nǹkan kan, kódà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ gan-an. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó ti ẹ, kẹ́ ẹ jọ mu ìgò kan náà, kí ó jẹ́ pé wáìnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ mu. Kì í ṣe àìmọ̀kan, bí wọ́n ṣe dá imú ẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ náà wà níbẹ̀, ibi tí ọkọ ẹ ti sọ òótọ́ nìyí. Ní 2001, Frédéric Brochet àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Bordeaux gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n bu wáìnì funfun kan náà sínú ife méjì, wọ́n da aró pupa tí ò ní òórùn sínú ọ̀kan, wọ́n gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ wáìnì 54. Wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa ṣàpèjúwe èyí tí wọ́n pa láró, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lójúmọ́ ni o. Ní 2008, Hilke Plassmann àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní California fún àwọn èèyàn ní wáìnì kan náà, wọ́n ní ìkan jẹ́ 10 dọ́là, ìkejì 90 dọ́là, èyí tí wọ́n pè ní 90 yẹn ló dùn mọ́ wọn jù, ẹ̀rọ tó ń wo ọpọlọ wọn dẹ̀ fi hàn pé ó dùn mọ́ wọn lóòótọ́. Nígbà tí Steven Spurrier, onítajà wáìnì kan tó jẹ́ ọmọ England, kó wáìnì Faransé àti ti California pọ̀ ní Paris lọ́jọ́ 24 oṣù karùn-ún 1976, tí wọ́n bo orúkọ mọ́lẹ̀, àwọn adájọ́ Faransé fi Chardonnay Chateau Montelena 1973 láti California ṣe ìkíní láàárín àwọn funfun, níwájú àwọn Burgundy tiwọn. Nítorí náà, bí onítajà ṣe sọ "òkúta" sí ẹ létí kó o tó mu ún, ó ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún imú ẹ. Kò fi òórùn sínú wáìnì, ó kàn tọ́ka sí èyí tó wà níbẹ̀, ó wá sọ orúkọ ẹ̀ fún ẹ. Ọkọ ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, àbí?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́, má fi Chablis wé California mọ́, nǹkan tó yàtọ̀ láàárín wọn ti pọ̀ jù. Ra Petit Chablis àti Chablis Premier Cru lọ́wọ́ ẹni kan náà, ọdún kan náà, kó o rí i pé kò sí oak nínú méjèèjì. Ra ẹ̀kẹta láti Mâcon, Burgundy kan náà ni, Chardonnay kan náà ni, apá gúúsù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ló wà. Fi bébà wé ara ìgò, kí ẹlòmíì bá yín bù ú. Má jẹ́ kó tutù jù o. Fíríìjì ilé máa ń wà ní nǹkan bíi 4°C, wáìnì tó tutù tó bẹ́ẹ̀ ò lè rùn, òórùn ò lè gbéra kúrò nínú ẹ̀. Gbé e jáde ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú, 10 sí 12°C dáa fún Chablis. Má ju yìnyín sínú ẹ̀, jọ̀ọ́. Bù ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta ife, kí òórùn lè ráyè, kí kálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Fún màmá, Chablis ni kó o rà. Ata tó ń ta wa lẹ́nu yẹn, ọtí tó bá ga máa ń sọ ọ́ di iná, oak á tún korò lórí ẹ̀, California tó jẹ́ 14% yẹn á dà wọ́n láàmú. Chablis kì í le tó bẹ́ẹ̀, kíkan inú ẹ̀ sì máa ń gé epo ẹja díndín kúrò lẹ́nu bí ìgbà téèyàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja. Kò nílò Grand Cru, ata á bo ohun tó o tìtorí ẹ̀ náwó, Chablis lásán tàbí Premier Cru ti tó. Ti California tó o ti ṣí yẹn, tún dé e, gbé e padà sínú fíríìjì, á ṣì dáa fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, fi jẹ adìyẹ sísun tí ò láta tàbí edé tí wọ́n fi bọ́tà yan. Ibi tí bọ́tà inú ẹ̀ ti wúlò nìyẹn.